Ilé Tí Wọn Kì Í Polówó Níwájú Rẹ̀

Fúnra mi ni mo gbé ìwé ìrìnnà mi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé nígbà tí ọ̀ràn di ariwo, ohun tí ó ń sọ káàkiri ni pé òun kò fi ipá gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Kò fi ipá gbà á. Ó na ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi kú ewu ọ̀nà, mo sì gbé e fún un.

Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èdè Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi. Èdè Faransé ni mo fi kàwé títí mo fi gboyè ní Àjàṣẹ́. Ọkùnrin tí mo ń wí yìí ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìletò orí omi kan láàrin Mahintedo àti Ode Ugbo, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. N kò ní dárúkọ ìletò náà, n kò sì ní dárúkọ ọkùnrin náà. Ìwà ni mo fẹ́ tú síta. Oníléèwé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò sì máa pè é. Òun ń wá olùkọ́ Faransé, èmi ń wá iṣẹ́. Mo tilẹ̀ rò pé n kò lọ sí òkèèrè. Ẹni tí ó sọdá ẹnubodè, tí ó sì tún bá Yorùbá pàdé ní òdì kejì, mo rò pé kò tíì kúrò nílé.

"Àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ rí ìwé yìí," ni ó wí lọ́jọ́ náà, tí ó ń fi Faransé pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni. "Màá bá ọ kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, Músíọ̀, màá sì dá a padà fún ọ. Má fòyà, ọmọ ìyá ni wá."

Ó mú mi lọ sí ilé tí n óò máa gbé, ilé pákó kan tí wọ́n gbé ka orí òpó, tí omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ni ó ní. Ọ̀kan kọjú sí afárá pákó tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Èkejì kọjú sí odò, pẹ̀lú pèpéle kékeré kan níwájú rẹ̀ tí ọkọ̀ lè sún mọ́. Oníléèwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti èyí tí ó kọjú sí odò, ó sì fi igi dábùú rẹ̀ láti inú.

"Má ṣí èyí rárá. Ojú omi ni olè ń gbà wọlé níbí."

Kò ya mí lẹ́nu. Ní Kétu, ojú ọ̀nà ni ilé ń kọ sí. Mo ka afárá sí ojú ọ̀nà, mo ka odò sí ẹ̀yìnkùlé, ta ni ó sì ń ṣí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sílẹ̀ fún olè?

Òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ nígbà náà. Àwọn olùkọ́ yòókù ń gbé ní Igbókọ̀dá. Bí aago iléèwé bá ti lù, ọkọ̀ onínjìnnì kan yóò kó wọn lọ, yóò sì ku èmi nìkan. Kò pẹ́ tí àárẹ̀ kan fi wọ̀ mí lára. Mo lo oògùn ibà, àárẹ̀ náà kò gbọ́. Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, n óò jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, n óò máa wo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí n yẹ̀ wò, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá mi níbẹ̀. Mo ra púpurú, oúnjẹ wọn tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó gbẹ mọ́ inú abọ́. Mo dẹ́kun fífá irùngbọ̀n. Ní kíláàsì, ohùn mi ń kéré sí i, títí ọmọbìnrin kan tí ó jókòó níwájú fi ní, "Sà, a ò gbọ́ o," tí n kò sì rí agbára láti tún gbólóhùn náà sọ. Mo máa ń ka Faransé sókè nínú yàrá kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn, ṣùgbọ́n ohùn náà ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé ó ń dún bí ohùn ẹni tí kò retí kí ẹnikẹ́ni dá òun lóhùn.

Orí afárá nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn dókítà ní Kútọ̀nù ti ní àwọn yóò ṣí i fún un nígbà ìsinmi ìparí ọdún, ìgbà tí ó yẹ kí n wà nílé.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mo ń jẹun, Ìyá mi."

"Ohùn rẹ jìnnà."

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ́ ló bí ọ, èmi ni. Gbọ́: nígbà tí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú mi, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mi ò fẹ́ rí dókítà. Ṣé wàá wá?"

"N óò wá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣèlérí, ìwé tí n óò fi kọjá ẹnubodè kò sì sí lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń gba inú igbó sọdá láìní ìwé kankan. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òfin àti ìwà ọmọlúàbí, n kò ní wọ ilẹ̀ bàbá mi bí àpò ìrẹsì fàyàwọ́. Mo bi Oníléèwé léèrè. Ó ní ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè rìnrìn àjò lọ sí Àkúrẹ́. Mo tún bi í. Ó ní òǹtẹ̀ wọn bàjẹ́. Mo tún bi í níwájú àwọn olùkọ́ yòókù.

"Músíọ̀, ṣé inú ẹ̀wọ̀n lo wà ni? Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé wọ́n ń fi pásípọ́ọ̀tù ra ẹja níbí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, bí ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ohun tí ó dá mi lóró jù lọ ni ìdákẹ́jẹ́ kan. Láràárọ̀ ni obìnrin kan ń fi ọkọ̀ kiri gààrí, iyọ̀ àti epo òyìnbó láti ilé dé ilé. N kò rí i rí, nítorí ilẹ̀kùn tí a tì, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀. Yóò ti òkèèrè máa bọ̀: "Gààrí rèé o! Iyọ̀ rèé! Ẹ jáde o!" Wọn yóò dá a lóhùn, wọn yóò ná ọjà, wọn yóò bú ara wọn, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti kan ilé mi, ohùn náà yóò kú. Àjẹ̀ nìkan ni n óò máa gbọ́, tí ó ń wọ omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá tí ń sùn. Bí ó bá ti kọjá mi tán, "Gààrí rèé o!" yóò tún bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan kọ́. Àwọn apẹja tí ń kọrin bọ̀ láti òkun a dákẹ́ orin. Ọkọ̀ onínjìnnì pàápàá a dín eré rẹ̀ kù.

Mo rò ó títí. Mo ti gbọ́ ní ọjà àwọn ìlú ńlá bí wọ́n ṣe ń fi "Kútọ̀nù" bú ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá. Mo wí fún ara mi pé àwọn ènìyàn yìí kórìíra àjòjì, pé wọ́n kórìíra mi débi pé wọn kò fẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tí ó bá ti gbà pé a kórìíra òun kì í rí ìdí tí yóò fi dìde lórí ibùsùn. Ọjọ́ ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá di ọjọ́ tí n kò ní ṣí fèrèsé tí ó kọjú sí afárá rárá.

Ìbínú ni ó gbé mi dìde, kì í ṣe ìgboyà. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kan, ohùn náà bọ̀, ó sún mọ́ mi, ó kú. Mo fò dìde. Mo yọ igi ìdábùú, mo fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn tí òjò ti mú wú.

"Ṣé èmi kì í jẹun ni?"

Obìnrin náà ta gìrì. Ọkọ̀ rẹ̀ fì, ó sì di pèpéle mi mú kí ó má baà dojú dé. Ó ti dàgbà tó ìyá mi. Ní ilé òdì kejì, àwọn obìnrin méjì tí ń sá ẹja dìde dúró.

"Gbogbo ilé lẹ̀ ń polówó fún," ni mo wí. "Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ẹ má bínú. A ò fẹ́ yọ ọ̀fọ̀ yín lẹ́nu ni."

"Ọ̀fọ̀ wo?"

"Ti ìyàwó yín tó kú."

"Ìyàwó wo? Èmi tí n kò tíì gbéyàwó!"

 Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin òdì kejì bú sẹ́rìn-ín. "Yé! Ó ti di ọkọ òkú kó tó di ọkọ ààyè!"

"Ta ló sọ fún yín pé ìyàwó mi kú?"

"Oníléèwé ni," ni ìyá elépo òyìnbó dáhùn. "Ó ní ẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹ ò ní bá ènìyàn sọ̀rọ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Ó ní ká má kàn sí yín."

"Ẹ sì gbà á gbọ́?"

"Ilẹ̀kùn yín ló bá a jẹ́rìí."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ní ìletò yẹn, odò ni ojú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí i ni ojúlé. Ilé tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ ni ó ń ti ilẹ̀kùn náà. Wọn kì í polówó níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọrin níbẹ̀, wọn kì í sáré ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń pè é ní ìkórìíra.

"Ẹni tó gbé ilé yìí ṣáájú yín, pèpéle yìí ló ń jókòó sí," ni ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ará ọ̀dọ̀ yín ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́ lọ́dọ̀ Oníléèwé, ọkọ ọmọ mi ló fi ọkọ̀ gbé e dé Igbókọ̀dá. Oníléèwé bá wa jà, ó ní a jí òun ní tíṣà gbé." Ó bu gààrí sínú ọ̀rá, ó jù ú sí mi. "Ẹ gbà. Ẹ̀yin àti òkú yín ti bà mí lọ́jà jẹ́ tó."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìdánìkanwà. Àwọn tí ó kọ wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí àìsàn tí ó ti inú aláìsàn wá, wọ́n sì ń gbà á níyànjú pé kí ó jí ní kùtùkùtù, kí ó rìn, kí ó ronú sí rere. N kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo sọ ni pé ìdánìkanwà kan wà tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, tí a fi igi dábùú, tí a fi irọ́ rẹ́, tí a sì fi èrè rẹ̀ sínú àpò. Ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ kò ní ọkọ̀ ní ilẹ̀ olómi. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè lọ. Oníléèwé mọ èyí kí ó tó na ọwọ́ gba ìwé mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó sórí pèpéle ní ìrọ̀lẹ́. Kò rọrùn. Ní àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, n óò fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n mo fi ṣe òfin fún ara mi pé n kò ní wọlé títí n óò fi kí ọkọ̀ kan. Bí mo bá ti kí ọ̀kan, ẹni náà yóò da ìkíni mi padà pẹ̀lú ìkíni tí ó pọ̀ ju tèmi lọ, ní ohùn wọn tí ó ń ti ọ̀fun jáde, n óò sì ní láti tún dáhùn. Àwọn obìnrin òdì kejì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Opó ọkùnrin, ṣé ẹ ti jẹun?" Wọ́n gbé ọbẹ̀ màrúgbó fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n kọ́ mi ní títu ọkọ̀. Mo yí po lójú kan bí ẹṣin tí a so, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò tán. N kò sọ pé àárẹ̀ náà lọ pátápátá. Ó ń padà wá bí ìgbì. Ṣùgbọ́n ó ti ní ẹni tí ó ń bá jà.

Oníléèwé gbọ́. Ó fi ọkọ̀ wá, ó dúró lórí pèpéle, ó ń wo ilẹ̀kùn tí ó ṣí gbalasa.

"Ta ló ní kí o ṣí i?"

"Ooru ni, ọ̀gá."

"Músíọ̀, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí wọ̀ ọ́ létí. Àjòjì lo jẹ́ o. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kì í ga lóhùn."

"Ta ni ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

 Ó wo àwọn obìnrin òdì kejì, wọ́n sì wò ó padà. Bí ó ti ń lọ, mo mọ̀ pé bí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ bá fi parí tí ìwé náà kò sì sí lọ́wọ́ mi, ìyá mi yóò la ojú rẹ̀ sí ara dókítà.

Ọjọ́ tí sáà parí, àwọn òbí wá pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n so wọ́n mọ́ ara wọn yí èbúté iléèwé ká, tí ènìyàn fi lè ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Wọ́n pè mí pé kí n wá kéde ẹni tí ó gba ipò kìíní nínú Faransé. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. 

"Kí n tó kéde," ni mo wí, "mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọ̀gá wa níwájú gbogbo yín. Ọ̀gá, ìwé ìrìnnà mi dà?"

"Músíọ̀, jókòó. Kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ ọ́ nìyí."

"Ibí gan-an ni," ni ìyá elépo òyìnbó ké láti inú ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ bá wa béèrè ìyàwó tó kú náà! Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa ká lè bá a dárò!"

Ẹ̀rín sọ lórí omi. Ojú Oníléèwé pọ́n. Ó ní ìwé mi wà lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, pé òun ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, pé aláìmoore ni mí. Bàbá àgbàlagbà kan tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ mi ní epo. Ẹ jẹ́ ká gbéra báyìí, èmi, ẹ̀yin àti Tíṣà, ká lọ bá wọn gbà á."

Oníléèwé dúró. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ó wo bàbá náà, ó wo ọkọ̀ náà, lẹ́yìn náà ni ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pẹ́ kí ó tó jáde. Ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí i láti ojú ewé kìíní dé èyí tí ó kẹ́yìn: òǹtẹ̀ aṣọ́bodè kankan kò tún kan án láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Inú dúrọ́ọ̀ ni ó ti wà, nítòsí yàrá tí mo ti ń kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn yìí.

"Máa lọ," ni ó wí fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ ìlú rẹ kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti gba ipò rẹ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ni. Kì í ṣe aláriwo."

Ọkọ ọmọ ìyá elépo òyìnbó ni ó gbé mi dé Igbókọ̀dá. Mọ́tò tí ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ ń pe èrò. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e kí n tó rí i pé n kò lè gbé èkejì. Mo pe ìyá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àní nípa púpurú tí ó gbẹ nínú abọ́. Mo ní bí mo bá dúró de àjòjì tí ń bọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí n má bá wọn ní Kútọ̀nù.

"Ọmọ ta ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ó ní ìyá, àbí kò ní?"

"Yóò ní."

 "Dúró dè é," ni ó wí. "Màá ní kí wọ́n má tíì tú aṣọ náà."

Mo dúró sí Igbókọ̀dá. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti inú mọ́tò pẹ̀lú àpò ńlá kan, ó ń wò yíká bí mo ti ṣe wò. Atukọ̀ Oníléèwé ti ń dúró dè é ní èbúté. Mo sáré bá a, mo fi Faransé kí i, lẹ́yìn náà mo fi Yorùbá sọ ọ́ kí ó má baà ṣì mí gbọ́: kí ó má ṣe gbé ìwé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí wọ́n sọ, kí ó ṣí ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí odò, kí ó sì kí gbogbo ọkọ̀ tí ó bá kọjá.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ni ẹ jẹ́?"

"Ẹ má dá wèrè yẹn lóhùn, Músíọ̀," ni atukọ̀ ké. "Wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wọ ọkọ̀, òjò ń bọ̀."

N kò lè sọ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, mo rí i tí ó yọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ aláwọ̀ ewé jáde nínú àpò náà, tí ó wo ẹ̀yìn atukọ̀, tí ó sì ti ìwé náà bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wá fi bọ́tìnì de ẹ̀wù náà títí dé ọrùn.